Ẹni Tí Wọ́n Daṣọ Bò Nínú Sídíì

Ó ṣẹlẹ̀, mi ò bù mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí àdúgbò Masala nílùú Ndola, ní Zambia, kó béèrè ilé Kabaso tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Òun àti Lukonde ìyàwó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Oorun ni wọn kì í sùn mọ́.

Sikazwe, aládùúgbò wọn, ló gbé ẹ̀rọ géèmù wá láàárọ̀ Sátidé.

"Kabaso, gbà mí. Ó ń gbé sídíì mì, kì í pọ̀ ọ́."

"Ìwọ náà, kí lo máa ń pọ̀ nínú ohun tó o bá jẹ? Gbé e síbẹ̀."

Aago mẹ́wàá ni iná ń dé ládùúgbò wọn, tó bá di méjì, ó lọ nìyẹn. Kabaso tú bóòtù. Rọ́bà tí ń fa sídíì wọlé ti gbó. Sídíì kan há síbẹ̀, funfun báláú, kò sí àkọlé lára rẹ̀. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ojú tí ń kà á, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi sídíì náà dán an wò.

Kì í ṣe géèmù. Ilé ọ̀fọ̀ ni.

Kò sí ohùn. Àwọn ọkùnrin jókòó yí iná ká níta. Kabaso tẹjú mọ́ ọn. Ilé òun ni. Ògiri tó sán, tó fi símẹ́ńtì dí lọ́sẹ̀ tó kọjá, dídí ló wà nínú àwòrán.

"Ìyá Chola! Wá!"

Lukonde sáré dé, ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Bàbá Chola, òkú ta la sin nílé yìí?"

"A ò sin òkú kankan rí."

Kabaso na ọrùn sí fèrèsé. "Sikazwe! Sídíì ta ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ?"

"Sídíì wo? Mẹ́ta ni mo ní, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Àbí o ti mu ọtí láàárọ̀ yìí ni?"

Wọ́n ń wá ojú ara wọn nínú àwòrán. Àdúgbò pé. Chola, ọmọ wọn, ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kabaso kò sí nídìí iná. Àwòrán wọ inú yàrá: Lukonde kò sí láàárín àwọn obìnrin tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní igun yàrá, ẹnì kan jókòó. Aṣọ chitenge bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn: ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ kú ni wọ́n ń daṣọ bò sí igun. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Ibi tí èkejì wà, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Arúgbó kan na ọwọ́ sí etí aṣọ láti ṣí i.

Kẹ́rẹ́rẹ́. Sídíì há. Àwòrán dúró.

Kabaso ti gbá irinṣẹ́ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Lukonde wí. "Mo fi Chola bẹ̀ yín."

"Kí n máa sùn, kí n máa jí, kí n má mọ̀?"

"Ta ló mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ? Bàbá yín mọ̀?"

Kabaso tún tú bóòtù. Ike kan tí ń yí nínú ẹ̀rọ ti ká léyín. Ó yọ òmíràn lára ẹ̀rọ àlòkù. Aago méjì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tó tún tan ẹ̀rọ náà.

Àwòrán rìn. Ọwọ́ arúgbó náà di etí aṣọ mú.

Kabaso kò lè wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Lukonde kò bojú tirẹ̀. Kabaso gbọ́ tí èémí rẹ̀ há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, iná lọ.

"Ta ni?"

Lukonde dìde.

"Ìyá Chola, ta ni?"

"Omi mi ń hó lórí èédú," ó wí, ó sì jáde.

Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì, sídíì náà kò sí nínú ẹ̀rọ mọ́. Bóòtù kan ò yẹ̀. Bọ́ọ̀lù Sikazwe sì ń ṣiṣẹ́ geere.

Lukonde pe ọkọ rẹ̀ sídìí ààrò, níbi tó ti ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo nínú omi gbígbóná. "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ro nshima tí kì í fi í dì." Kabaso rò ó: òun ni yóò máa dáná fún Chola nìyẹn. Ó wo ọrùn ìyàwó rẹ̀ títí.

Ṣùgbọ́n kí iná tó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, Lukonde fa àpótí wá sídìí tábìlì rẹ̀, ó jókòó.

"Irin gbígbóná tí ẹ fi ń lẹ wáyà yẹn," ó wí, kò wo ojú rẹ̀, "báwo lẹ ṣe ń mú un tí kì í fi í jó yín? Ẹ kọ́ mi."