Má Gbàgbé Àwo Rẹ

Kí Ọláníran tó rí ẹni tó ń ta gàrí, ohun tí wọ́n fi dé gàrí ló kọ́kọ́ rí. Àwo orin ni, dúdú, roboto, tó ń dán nínú oòrùn, méje lórí abọ́ méje láàárín ọjà Lálúpọn, kí eruku má baà wọ inú gàrí. Ọkùnrin náà dúró, ó gbàgbé ibi tó ń lọ.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Akọ̀wé réluwéè ni Ọláníran ní Lálúpọn lọ́dún 1962, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé, òun ló ń gbé gíramafóònù lọ sí Olódò, tó ń fi orin dá àwọn tíṣà àti akọ̀wé tó ń jó ijó òyìnbó tí wọ́n ń pè ní síwíìngì lára yá. Orin jáàsì ayé ogun Hítílà ni ijó náà ń fẹ́, irú àwo bẹ́ẹ̀ sì ti wọ́n bí ojú. Ó ti wá a dé Ṣáṣá, ó ti wá a dé Dùgbẹ̀, ọwọ́ òfo ló ń gbé bọ̀. Àṣé orí gàrí ló wà!

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn abọ́. Ọmọ dúdú ni, eyín rẹ̀ ní èjí, ó sì ti ń wò ó tipẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín tó ń fi ètè bò.

"Bùọ̀dá, gàrí lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìdérí?"

Ọláníran ní ìdérí ni. Ọmọbìnrin náà wá rẹ́rìn-ín dáadáa. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Hezekiah, ti se oúnjẹ fún òyìnbó kan fún ọdún mọ́kànlá, nígbà tí òyìnbó sì ń lọ sílé, ó fi àwọn àwo náà ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n àgbà ìjọ Kérúbù ni Hezekiah, orin ayé kì í dún nílé rẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n máa fi dé gàrí.

Ọlọ́gbọ́n ìbá kó méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà. Ọláníran kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó mú ìdérí tánńganran kan wá, ó fi pààrọ̀ àwo kan. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó tún mú ẹyọ kan wá. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Gbọ́njúbọ́lá bi í bóyá ìdérí kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ojú irin lè rù lẹ́ẹ̀kan.

"Bí mo bá kó wọn tán lónìí," ni Ọláníran wí, "kí ni mo máa tún wá ṣe lọ́jọ́ ọjà?"

Gàrí tí Gbọ́njúbọ́lá ń wọ̀n lọ́wọ́ dà sílẹ̀.

Àwo tán, ìfẹ́ kò tán. Ọláníran kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ ijó lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, láìsí orin, òun ló ń fi ẹnu kọ ọ́. Gbọ́njú ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì, Ọláníran sì ń sọ pé kó tún tẹ̀ ẹ́. Ayé kúkú lójú. Ẹnìkan rí wọn, ó sì dé etí bàbá.

Hezekiah kò pariwo. Ó kàn ní ọmọ tí òun fi ààwẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun kò ní fà á fún ọkùnrin tí ijó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá Gbọ́njú ló ń ta gàrí. Ọláníran mú Akínwándé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi ni wọ́n fún wọn mu, wọn kò fún wọn lésì. Ó dùn ún wọ egungun. Bí wọ́n bá ń jó ní Olódò, kò tilẹ̀ gbọ́ orin tó ń fi síbẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹta pé kí Títíladé, àbúrò ìyá Gbọ́njú, tó jíṣẹ́ kan fún Ọláníran ní ibùdókọ̀. Ó ní bàbá Gbọ́njú ní kó wá sí ìkórè ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kó má sì gbàgbé àwo rẹ̀.

Ọláníran mọ̀ pé Aládùúrà a máa dáná sun ohun tí ènìyàn bá kọ̀ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Sátidé, kò lọ sí Olódò. Ó nu àwo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àádọ́ta ó lé mẹ́ta, èyí tó fi ọdún mẹ́fà wá kiri, ó tò wọ́n sínú àpótí. Ó sunkún díẹ̀, kí n má parọ́.

Ìsìn ti parí nígbà tó ru àpótí náà dé. Àwọn aláṣọ funfun ti jókòó sórí ẹní, ìrẹsì ń rú èéfín. Ọláníran sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú Hezekiah, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Àwo mi ni, Bàbá. Ẹ ní kí n má gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ fẹ́ fọ́ ọ, bí ẹ fẹ́ sun ún, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ ṣáà fún mi ní Gbọ́njúbọ́lá."

Hezekiah wo àpótí, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Ọláníran, àwo ìjẹun ni mo wí, oníkálukú ló ń mú tirẹ̀ wá síbi ìkórè. Ìrẹsì la fẹ́ bù fún ọ."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹnìkan, ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ìbá lanu, Ọláníran ìbá wọ̀ ọ́. Hezekiah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti rò pé ijó ló máa gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ohun tó fẹ́ràn wá síbi tó rò pé wọ́n á ti fọ́ ọ, nítorí ọmọ mi, ijó kò lè gba irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ru ẹrù rẹ padà sílé. Kó má ṣáà dún lọ́jọ́ Àìkú."

Gbọ́njúbọ́lá ti ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìyá rẹ̀ wá béèrè pé inú kí ni wọ́n máa wá bu oúnjẹ àlejò sí, nígbà tí kò ní àwo. Hezekiah yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Gbọ́njúbọ́lá, ṣé àwo rẹ lè gba oúnjẹ ẹni méjì?"

"Ó lè gbà á, Bàbá."

Ó sún lórí ẹní, Ọláníran jókòó tì í, wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan ṣoṣo lójú bàbá, lójú ìyá, lójú gbogbo ìjọ. Gbọ́njúbọ́lá ti ẹran sí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọláníran gé e sí méjì, ó dá ìdajì padà.