Àyè Apá Ọ̀tún

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ojú mi ni ó ṣe. Mi ò mutí, ibà kò sì dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá pè é ní irọ́, kí ó wá sí àdúgbò wa ní Houinmè. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ṣì wà lórí tábìlì mi.

Ti Pélagie ni. Ìyàwó mi ni Pélagie. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní ọdún kẹta tí àwọn ológun gba ìjọba. Lẹ́tà ni àwa méjèèjì ń tẹ̀ jẹun. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò sọ tẹnu rẹ̀, àwa yóò fi Faransé tẹ̀ ẹ́. Pélagie kì í fi ìwé ṣòfò. Ó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ títí kan etí.

Irin kékeré kan wà ní apá ọ̀tún ẹ̀rọ náà tí ó ń sọ ibi tí ìlà yóò parí. Bí ọ̀rọ̀ bá sún mọ́ ọn, agogo yóò dún. Orí nọ́mbà márùndínlọ́gọ́rin ni Pélagie fi irin náà sí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Abibatou aláṣọ wọlé. Wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀, Souradjou, lójú ọ̀nà Sèmè-Kpodji. Wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí ìjọba.

"Bàbá Ìgè, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n òkè lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá lọ kì í bọ̀."

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?"

"Lẹ́tà. Ojú ìwé kan péré. Wọ́n ní àwọn kì í ka méjì."

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n ti ti gbogbo ìsọ̀ fún ìsinmi ọ̀sán, tí àdúgbò pa lọ́lọ́. Agogo dún. Ìlà náà kò tíì parí. Mo wo irin. Ọgọ́ta. Mo tì í padà, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, ó ti wà lórí àádọ́ta.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Daouda, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú u, ó tò ó.

"Bàbá, irin yìí le ju ọkàn àna mi lọ. Kò lè rìn."

"Ó ń rìn."

Ó ka ìwé pélébé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilẹ̀ Faransé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kò sí níbí. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Àbí màmá ló ń bá yín ṣeré?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ Pélagie. Kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Daouda fi okùn irin dè é mọ́ márùndínlọ́gọ́rin, ó fi ẹ̀mú fún un pa. Ní Ọjọ́rú, okùn náà ṣì wà níbẹ̀, kò já, kò tú. Kò sí ohun tí ó dè mọ́. Irin wà lórí ogójì. Mo jókòó, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan.

Agogo dún.

Mo yọ ìyìn ìjọba kúrò nínú lẹ́tà náà. Mo yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò. Ní Ọjọ́bọ̀, Abibatou dé.

"Ìyá, àyè kò gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín."

"Kí ló kù?"

"Orúkọ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mú un. Pé ẹ̀yin lẹ bí i."

Ó fi ìka kan apá ọ̀tún ìwé náà. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Funfun yìí ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀."

Èmi fúnra mi ni mo fi sínú àpò ìwé, tí mo lẹ̀ ẹ́ pa. Ìdajì ojú ìwé náà funfun báláú.

Ní Àbámẹ́ta, Souradjou wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti rù.

"Ọ̀gá àwọn ológun kà á?" ni mo bi í.

"Ó ka apá òsì kíá. Apá ọ̀tún ló pẹ́ lórí rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló fi ọwọ́ kọ ọ́."

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi tàdáwà aláwọ̀ ewé kọ, Bàbá. Ó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá náà dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ó dáná sun ún níṣojú mi."

Irin ti padà sí márùndínlọ́gọ́rin ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tún rìn mọ́. Àwọn ìyá mìíràn ti gbọ́, wọ́n ń wá. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ti irin dé ogójì fún wọn, tí mo ń fi ìdajì sílẹ̀ ní funfun. Ọmọ ẹnì kankan nínú wọn kò tíì dé.

Mo ti tẹ ti ara mi náà. Kò gùn: orúkọ Pélagie, ibi tí ikú ti mú un lọ, pé ọkọ rẹ̀ ni mí. Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa gbé e lọ.