Fusi Kò Ní Purọ́ Mọ́ Màmá Seini

Wọ́n ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kitione sì ń hú oúnjẹ jáde nínú ààrò ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Fusi ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń wò ó bí ẹni ń wo oúnjẹ tí wọn ò ní jẹ́ kó jẹ yó. Ó ti pẹ́ tí Kitione ti ń ká àjàrà ní Robinvale yìí, ní Ọsirélíà, tí Fusi wà nílé ní Haʻapai, ní erékùṣù Tonga, tó jẹ́ pé ohùn ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù. Físà àlejò ló fi wá wò ó, físà ọ̀hún ò sì ní pẹ́ parí mọ́.

"Bàbá Lesieli, ṣé kí n má kúkú padà mọ́?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn," ni Kitione wí. "Ibùsùn yẹn ti tóbi jù fún èmi nìkan."

Sefita, tó máa ń po kava, ohun mímu tí wọ́n ń fi gbòǹgbò ṣe, fún àwọn ọkùnrin ìjọ, gbọ́ wọn. Àwa ará Tonga, ohun tí wọ́n bá ti sọ nídìí igbá kava, a máa ń gbà á bí ìwàásù ni.

"Ìyàwó wa, ṣé ìyẹn náà ló ń bà ẹ́ nínú jẹ́?" ni Sefita wí. "Mo mọ ẹnì kan tó ń bá èèyàn yí físà padà. Sáà ti sọ pé wọ́n fẹ́ pa ẹ́ nílé, o wá sá àsálà. Kíá ni wàá rí ìwé gbà."

"Ta ló fẹ́ pa mí?"

"Dárúkọ arábìnrin bàbá rẹ. Lọ́dọ̀ wa, ta ló tún láṣẹ lórí èèyàn tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́."

Kitione bú sẹ́rìn-ín. Fusi ò rí ẹ̀rín rín. Màmá Seini ni arábìnrin bàbá rẹ̀, ẹni tí Fusi kì í kọjá níwájú rẹ̀ láìtẹrí ba. Òun náà ló gba Lesieli, ọmọ wọn, sọ́dọ̀ kí Fusi lè rí ọkọ rẹ̀. "Lọ rí i, ọmọ mi," ló wí létí òkun. Àárò ọkọ ń ṣe Fusi, àárò ọmọ ń ṣe é, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa Kitione lọ bá ʻAtelaite, agbẹjọ́rò ọmọ Tonga tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ físà.

ʻAtelaite yẹ físà náà wò. "Àǹtí Fusi, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ò gbọdọ̀ dúró kọjá ọjọ́ yín. Tí èyí bá ti wà lórí físà, ẹ ò lè jókòó síbí kẹ́ ẹ máa béèrè oríṣi mìíràn, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀."

"Sefita ní ọ̀nà wà," ni Kitione wí.

"Àwọn tí ikú ń lé lóòótọ́ ni wọ́n ṣe ọ̀nà yẹn fún, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá já irọ́ yín, wọ́n lè má jẹ́ kí ìyàwó yín wọ ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ẹ lè fara dà á?"

Kitione di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Kí la wá máa ṣe?" Fusi béèrè.

"Ẹ padà kí físà yín tó parí. Kí ẹ̀gbọ́n bi ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bóyá ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ ìdílé wọn. Tó bá gbà, láti ilé ni ẹ ó ti béèrè físà tuntun, ẹ̀yin àtọmọ. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á fún yín o, ṣùgbọ́n orúkọ yín ò ní lábàwọ́n."

Fusi sunkún níbẹ̀ láìtijú. Ìgbà tó ń lọ, ẹ̀wù iṣẹ́ Kitione tí wọn ò tíì fọ̀ ló kì sínú báàgì rẹ̀, kó lè máa gbóòórùn rẹ̀.

Màmá Seini pàdé rẹ̀ létí òkun ní Haʻapai, Lesieli wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé wọ́n tọ́jú ẹ dáadáa?" ló bi í.

Fusi tẹrí ba fún un, ó sì lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wá ṣàlejò, a mọ bí àárò ṣe ń ṣe èèyàn. Kẹ́ ẹ tó ronú àtiyí físà padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bí kò bá yé yín, ẹ lọ bá agbaninímọ̀ràn tó níwèé àṣẹ, kì í ṣe ìdí kava. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ físà kọjá lórí yín. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ki irọ́ bọ̀ yín lẹ́nu, torí ẹ̀yin ni irọ́ náà máa tẹ̀ lé kiri.

Kitione ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fusi ṣì ń retí èsì. Ìdúró náà ò dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn.