Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Ní Àjẹ́ Mu

Ìyá Adégbóyè jẹ iṣu tán, ó bú ọmọ rẹ̀ tán, ó sùn, kò jí mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ní Ìwòyè-Kétu ṣá, ohun tí wọn ò bá ti mọ̀, àjẹ́ ló ṣe é.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro Mẹ̀dínátù, ìyàwó kékeré Adégbóyè. Lónìí, ọrùn; lọ́la, ìbàdí; tí ọmọ tó ń pọ̀n bá fọwọ́ kàn án, á dà bíi pé wọ́n gún un lódó. Ni ẹnu ayé bá tọ́ka sí Àṣìkẹ́, ìyáálé rẹ̀, obìnrin tí kì í rí oorun sùn, tó ń rìn káàkiri àgbàlá bí òwìwí bá ti ń ké. Mẹ̀dínátù gbà wọ́n gbọ́, ó tún fi tirẹ̀ kún un.

"Ìyáálé mi, ẹ bá mi bẹ ẹyẹ yín kó jẹ́ n sùn."

"Ìyàwó, bí mo bá lè fò, ṣé gààrí ni ǹ bá máa jẹ nílé yìí? Ǹ bá ti fò kọjá orí àwọn ṣọ́jà bọ́dà lọ ra ìrẹsì ní Kùtọnu."

Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, bẹntiróòlù kì í wọ ìlú wọn mọ́. Ewúrẹ́ ni Adégbóyè tà kí ọ̀kadà rẹ̀ tó rí èyí tí yóò mu dé ọsibítù l'Áyétòrò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Mẹ̀dínátù.

"Fibromayálíjíà, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa roni, ló ń ṣe yín, Ìyá," dókítà wí. "Maginísíọ́ọ̀mù, èròjà kan tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, ti dín nínú ẹ̀jẹ̀ yín. A máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn obìnrin kan tó ní àìsàn yìí, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ bóyá òun ló ń fa ìrora."

Adégbóyè ò gbọ́ ju "dín nínú ẹ̀jẹ̀" lọ.

Bàbá Ìbítóyè, olórí ẹbí, pèpàdé. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàdédé dín. Ẹnìkan ló mu ún, inú ẹni tó mu ún ló sì wà. Ẹ lọ gba ti Àṣìkẹ́ náà wò. Bí tirẹ̀ bá kún, kó máa lọ. Kò sì ní mú ọmọ kankan dání."

Inú Mẹ̀dínátù dùn débi pé ó gbàgbé ìrora. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé ìyáálé rẹ̀ lọ, kó má baà dọ́gbọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì di Àṣìkẹ́ lápá mú, Àṣìkẹ́ sì fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ rọra, ọmọ mi. Ó ti ń ro mí tipẹ́, gbogbo ara ni. Mi ò kàn rẹ́ni sọ ọ́ fún ni."

Mẹ̀dínátù mọ irú ìrora yẹn dáadáa. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èsì dé. Adégbóyè kà á sétí gbogbo ẹbí: ti Àṣìkẹ́ tún kéré sí ti Mẹ̀dínátù.

Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ wàyí pé àìsàn kan náà ló ń bá obìnrin méjèèjì jà, kí kálukú wálé lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbítóyè wúkọ́.

"Ti ta ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì?"

"Ti Mẹ̀dínátù ni, Bàbá."

"Ẹ ò rí i? Olè ló ń pariwo olè."

Mẹ̀dínátù kúnlẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ sọ fún wọn pé ara ń ro ẹ̀yin náà."

Gbogbo ojú yí sí Àṣìkẹ́. Ó rọra dìde, ó di ìbàdí mú, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó sì gba ọmọ.

"Ìyàwó," ó ní, "lọ kẹ́rù rẹ kí oòrùn tó wọ̀."