Yanrìn Lórí Igi Ọ̀gẹ̀dẹ̀

"Bí ohun méjì bá ń ha ara wọn, ipá wo ló ń dá wọn dúró?"

Tíṣà Adéníjì kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Ọmọ́yẹlé ti nawọ́. "Ìfarakanra ni, sà."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àbíkẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun náà mọ̀ ọ́n! Ọmọ́yẹlé ṣáá ni wọ́n ń rí, àfi bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run fún lọ́pọlọ. Tíṣà máa tó fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ fún ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Èkó. Àbíkẹ́ sì gbà pé ẹnì kan péré ni.

"Sà," ni Ọmọ́yẹlé tún wí, "bàbá mi ti gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tán nínú igbó. Lọ́la ni wọ́n máa wọ́ ọ lọ sí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ ká lọ wo bí ipá ṣe ń ṣiṣẹ́."

Inú Tíṣà dùn. Ti Àbíkẹ́ bàjẹ́ pátápátá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ọ̀jọ́ ni pé wọ́n á la igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà, wọ́n á kọ inú rẹ̀ tó ń yọ̀ sókè, kí ọkọ̀ lè rọra yọ̀ lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Àbíkẹ́ wọ aṣọ ilé ìwé lọ síbi tí wọ́n ti tẹ́ igi náà, ó bu yanrìn, ó ń fi ọwọ́ ra á mọ́ wọn lára. "Kí Ọmọ́yẹlé tẹ́ lónìí," ló ń wí.

Nígbà tó yá, Tíṣà kó kíláàsì dé, àwọn ọkùnrin fa okùn, ọkọ̀ ń yọ̀ bọ̀. Bó ṣe dé orí yanrìn ló dúró gbagidi. Wọ́n fà á títí okùn fi já, bàbá Ọmọ́yẹlé sì ṣubú yakata. Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín sínú.

Ọmọ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan igi náà. "Sà, yanrìn ni! Níbi tó ń yọ̀, ìfarakanra kéré. Níbí, ó pọ̀ ju ipá tí wọ́n fi ń fà á lọ!"

Ẹ̀kọ́ náà yé gbogbo kíláàsì, àti ẹni tó máa ń sùn.

"Ta ló da yanrìn síbí?" ni bàbá náà bi wọ́n.

Ojú gbogbo wọn lọ sára aṣọ ilé ìwé Àbíkẹ́. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ta sí i, ó ti dúdú. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń fọ̀ kúrò. Àbíkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ìlara ló sún mi ṣe é."

Tíṣà wò ó pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Àbíkẹ́, ẹni tí kò mọ ìfarakanra kò lè ronú kan yanrìn. O mọ̀ ọ́n dáadáa. Àyè méjì ni wọ́n fún wa. Ìwọ àti Ọmọ́yẹlé ni mo fẹ́ fi orúkọ yín ránṣẹ́."

"Sà, ní báyìí ńkọ́?"

"Ní báyìí, Ọmọ́yẹlé àti Kọ́láwọlé tó tẹ̀ lé yín ní kíláàsì ni."

Àbíkẹ́ bú sẹ́kún. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò sẹ́ni tó gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlara ara rẹ̀ ló fi í tọrẹ.