Ẹnu Mẹ́ta Ẹ̀yìn Àpótí Bátìrì

Rudayna fẹ́ Fawwaz nítorí ìwé kan tí Fawwaz kọ ta ko ara rẹ̀, ìwé náà sì gba ohun kan lọ́wọ́ Fawwaz tí kò tíì rí gbà padà.

Ẹsẹ̀ ni Fawwaz kọ́kọ́ rí. Bàtà ọkùnrin àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ọsàn yọ jáde lábẹ́ tábìlì, nínú yàrá tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú Saida ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Arákùnrin, mò ń wá ẹni tó ń tún bátìrì ṣe."

"O ti rí i. Kì í ṣe arákùnrin."

Obìnrin náà fa ara rẹ̀ jáde. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn á ní ojú rẹ̀ ń tàn bí òṣùpá. Irọ́ ni. Eruku ló bo ojú náà, ìlà dúdú kan sì gba orí imú kọjá. Fawwaz ò lè mójú kúrò lára ìlà yẹn.

"Ẹnjiníà Fawwaz ni mí."

"Orúkọ yẹn mà gùn o. Rudayna ni tèmi. Gba tọ́ọ̀ṣì yìí, tàn án síbí."

Ó tàn án.

Àpótí bátìrì ni wọ́n jọ ń wò, èyí tó ń gbé fíríìjì nígbàkigbà tí iná bá lọ. Dókítà Ihsan, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, fẹ́ kí àpótí yìí lè pe èèyàn bí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ. Ẹnu mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti okùn kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan jẹ́ ti káàdì tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù. Ìkẹta ò ju ojú wáyà méjì lọ, tó lè mú aago ìkìlọ̀ ké. Ilé iṣẹ́ tó ń ta káàdì ló rán Fawwaz wá. Bí èyí bá yọrí, wọ́n á gbé e lọ sí Kuwait. Ìyá rẹ̀ kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí. "Ẹnjiníà mi" ló ń pè é, kódà bó bá ń rán an ní búrẹ́dì.

"Wáyà méjì, aago kan lórí tábìlì nọ́ọ̀sì," Rudayna ní. "Ó parí."

"Wáyà méjì ò lè sọ iṣẹ́jú tó kù. Káàdì mi á sọ ọ́, á tún sọ bí bátìrì ṣe gbóná tó."

"Bí ọmọ bá ń já bọ́ láti orí òrùlé, mi ò ní kó sọ bó ṣe wúwo tó fún mi. Kó ṣáà ké."

Fawwaz rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Bátìrì. Omi inú rẹ̀ jó mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Fawwaz gbé ìbéèrè kan wá bá Rudayna ní ṣọ́ọ̀bù bátìrì bàbá rẹ̀. Kí ló dé tó máa ń gbóòórùn bátìrì kó tó ṣí i? Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé òmíràn wá. Rudayna náà tú káàdì Fawwaz sílẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bó bá sọ̀rọ̀, ta ló ń dá a lóhùn?"

"Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà á, ló ń gbé e lọ."

"Bí ìyẹn ò bá sí nílé ńkọ́?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ Fawwaz, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó bi í ló ń wò.

"Rudayna, ẹnjiníà ẹ ti dé," Lamis, àbúrò rẹ̀, ní lọ́jọ́ kẹfà. "Bátìrì wo ló tún kú lónìí?"

"Ti orí ẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí Lamis lára, láti inú fíríìjì yẹn. Bàbá wọn, Abu Rudayna, kò gbàgbé ìyẹn nígbà tí Fawwaz wá tọrọ ọmọ.

"Kuwait lò ń lọ," ó ní. "Bó o bá mú un lọ, ta ni á jókòó ti èyí? Mu kọfí ẹ, ọmọ mi, kó o máa lọ sílé."

Káàdì ni Dókítà Ihsan mú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Fawwaz dán an wò. Ó yọ àpótí kúrò lára iná, fóònù Dókítà dún, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ta ló ń fún àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì níná?" Rudayna bi í. "Tẹ̀lé wáyà rẹ̀ dé ìdí."

"Ìwọ ṣáà fẹ́ kí aago ẹ borí."

Inú bí Rudayna, ó lọ sílé. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé wáyà nínú àwọn méjèèjì.

Wáyà náà já sára jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó ń fún ilé ìwòsàn níná, èyí tí gbogbo Saida mọ̀ pé ó ń sinmi láti aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Fawwaz, tó ti pẹ́ lókè òkun, nìkan ni kò mọ̀. Lójoojúmọ́, káàdì ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nítorí bátìrì ń gbé fíríìjì dé aago mẹ́rin, gbogbo wọn gbà pé àlàáfíà ni.

Nínú oṣù kẹjọ, jẹnẹrétọ̀ sinmi títí di aago mẹ́fà. Fíríìjì gbóná. Àpò ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n dà nù, ti Lamis wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró de òmíràn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn wẹ́wẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn. Rudayna ló ń pọ̀n ọ́n.

Ilé iṣẹ́ Fawwaz pè é. Wọ́n ní kó kọ ọ́ pé bátìrì ni kò dára. Abu Rudayna ló ta bátìrì náà. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde, ṣọ́ọ̀bù ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n parí nìyẹn.

Fawwaz jókòó ti ìwé náà fún ọjọ́ kan. Ó wá kọ ọ́: *Èmi ni mo yan ẹnu tí kò yẹ. Rudayna sọ fún mi. Mi ò tẹ̀lé wáyà.* Ó fọwọ́ sí i, ó fún Dókítà Ihsan ní ọ̀kan, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kò níṣẹ́ mọ́.

Abu Rudayna ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ránṣẹ́ pe Fawwaz, ó sì gbé kọfí lé iná fúnra rẹ̀.

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni Rudayna àti Fawwaz jọ padà sí yàrá ẹ̀jẹ̀. Aago ti wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fa iná àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sára bátìrì, wọ́n sì fi káàdì sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí agbára bátìrì máa tán lọ. Aago ké. Fóònù dún tẹ̀lé e.

"Méjèèjì," Fawwaz ní.

"Aago ló ṣáájú."

"Mo gbọ́. Rudayna, ìwọ ni wàá sin mí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ìfẹ́ ní Saida, pé kí ẹni tó sọ ọ́ má ṣẹ́kù lẹ́yìn olólùfẹ́ rẹ̀. Rudayna nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Kọ́kọ́ bá mi gbé bátìrì yìí ná, Ẹnjiníà."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí ọsàn pọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ni Fawwaz ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òun náà ti jó lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ wá síbi ìgbéyàwó pẹ̀lú aṣọ tó dára, ó jókòó níwájú, ó jẹ kunafa, àkàrà dídùn tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tó dìde láti lọ, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"O kú oríire, Fawwaz," ó ní.

Títí dòní, orúkọ yẹn ló ń pè é, kì í ṣe "Ẹnjiníà mi" mọ́.