Géèjì Tí Kò Kọjú sí Awakọ̀

Súfèé ni Láídé kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ọkọ̀, kó tó rí ẹni tó ń wà á. Ìgbà tó gbójú sókè lábẹ́ igi fúrúùtù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Festac, Passat aláwọ̀ búlúù kan ti yà wọlé, ó ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lódò. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀. Epo dúdú wà nímú rẹ̀, kò sì mọ̀. Fikáyọ̀ lorúkọ rẹ̀.

Ó ní wọ́n júwe ríwáyà tó mọ iná ọkọ̀ dáadáa fún òun, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé obìnrin ni.

"Wọn ò sì sọ fún mi pé oníbàárà mi máa ń fi ẹ́ńjìnnì nu imú," ni Láídé dá a lóhùn.

Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó nu ibi tí epo kò sí. Láídé na àkísà sí i. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Géèjì tábò ló ń wá. Tábò ló ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára, òun náà ló ń súfèé. Géèjì ni aago kékeré tó ń fi bí afẹ́fẹ́ náà ṣe le tó hàn. Wọ́n jọ lọ sọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair. Ojú Fikáyọ̀ wọ èyí tó ń tan iná aláràbarà, tí nọ́ńbà rẹ̀ dé mẹ́ta.

"Ọkọ̀ lo fẹ́ wà ni, àbí ilé ijó?" Láídé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tábò ọkọ̀ náà kò lè kọjá nọ́ńbà ọ̀kan, ọwọ́ géèjì yẹn kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Olójú funfun tó dé méjì péré ni wọ́n rà.

Wọn ò rí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gbé afẹ́fẹ́ dé ìdí géèjì náà, nítorí náà Fikáyọ̀ ń padà wá béèrè. Ìgbà tí rọ́bà fi máa dé, ìfẹ́ ti dé ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Gbádégẹṣin, bàbá Láídé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbọ́ súfèé ọkọ̀ náà lẹ́nu géètì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Eré àsápajúdé ló pè é.

"Ẹni tó ń sáré báyìí, opó ló máa sọ ọmọ mi dà."

Láídé kò lè ṣègbéyàwó láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀. Nígbà tí ẹbí ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ń tú wáyà bí ọkùnrin, bàbá yìí nìkan ló ra píláyà fún un. Láídé sọ bẹ́ẹ̀ fún Fikáyọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kó gbé géèjì wá.

Ó fa rọ́bà láti ẹ́ńjìnnì gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó ń de géèjì mọ́lẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

"Báwo ni màá ṣe máa rí i?"

"Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó rí i, olólùfẹ́ mi."

Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà láti jókòó síwájú ọkọ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé bí ọwọ́ géèjì bá ṣe ń kọjá òdo tó, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń tẹ ọkọ̀ tó. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n gba Amúwo kọjá sí Abúlé Adó. Jíìpù kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ó yà síwájú wọn lójijì, awakọ̀ rẹ̀ sì bú Fikáyọ̀ ní ìgbín. Láídé di ojú. Dádì rẹ̀ tún awò ojú ṣe, ó tẹjú mọ́ géèjì. Ọwọ́ géèjì kò kọjá òdo.

"Ó bú ẹ," ni Dádì wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, sà. Ẹ̀yin àti Láídé ni mo gbé."

Nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́rí padà, súfèé tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ géèjì kò sì ju díẹ̀ lókè òdo lọ. Dádì wo géèjì, ó wo ọ̀nà, ó tún wo géèjì.

"Ṣé bó ṣe máa ń ké nìyí, láìsáré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n dé ilé. Fikáyọ̀ na ọwọ́ láti yí géèjì padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dádì gbá ọwọ́ náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi ni màá máa jókòó síbí. Sọ fáwọn òbí rẹ pé mo wà nílé ní Sátidé."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀, ó dì í mú.

"Láídé, bọ́ síwájú."